Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Ìyá Goan

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí akọni ṣe ń gbọ̀n, ẹ má wulẹ̀ dààmú lọ sójú ogun. Ẹ ò bá ti wà ní Tainan lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, kí ẹ rí Khu Sui-goan níwájú dúróà ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní Bàbá Ìgbéyàwó, torí òun ló kọ́kọ́ bọ́ síta ní ọdún 1988, tó ní kí ìjọba fún ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ní ìwé ìgbéyàwó bíi ti gbogbo ayé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bá wọn fà á kí òfin tó jáde. Òfin ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, Bàbá Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ kò tíì gbéyàwó.

Kì í ṣe pé kò rí ẹni fẹ́ o. Te Beng-lok ti ń bá a gbé láti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kò ju ìwé kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdílé rẹ̀ dání, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ gbogbo ará ilé sí. Ìwé ìdílé àwọn Khu wà nínú dúróà abẹ́ pẹpẹ àwọn baba ńlá, dúróà wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn ìyá Goan, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, tó ń gbé e sùn, tó ń gbé e wẹ̀. Kí Goan tó lè rí ìwé yìí gbà, àfi kó lanu rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, mo fẹ́ fẹ́ ayálégbé wa."

Torí ayálégbé ni ìyá ń pe Lok. Ohun tí Goan sọ fún un ní 1987 nìyẹn, pé tíṣà kan fẹ́ gba yàrá òkè. Tíṣà wọlé pẹ̀lú àpótí kan àti ìkòkò òdòdó kan, kò sì jáde mọ́. "Ayálégbé, wá jẹun." "Ayálégbé, ẹ̀yìn ń ro mí, wá bá mi fi òróró ra á." Ayálégbé ló mọ gbogbo oògùn ìyá àti àkókò tó ń lò wọ́n, ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò mọ ọ̀kan. Goan máa ń sọ pé nínú gbogbo onílé tó wà ní Tainan, òun nìkan ni ayálégbé òun ń bá wí tí òun bá fi ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀.

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá yìn ín, yóò fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ojú yóò fi tì yín. Phang Ji-un ló jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ni, òun ni wọ́n ní kó ṣètò àfihàn nípa ayé Goan, èyí tí wọn yóò ṣí ní Sátidé. Oṣù mẹ́ta ló fi ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ tí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìdílé ní 1988, kí ló wà lọ́kàn yín?"

"Ìtọ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìtọ̀ ni, ọmọ mi. Ó ń gbọ̀n mí, mi ò sì mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wọn wà. Kóòtù tí mo wọ̀, mo yá a ni, mi ò sì dá a padà mọ́, ó há mi lábíyá. Mo ní mo fẹ́ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Akọ̀wé ní kò burú, ìyàwó dà? Mo ní ọkùnrin ni. Ó wò mí títí, ó ní, ọkùnrin ọ̀hún dà? Mo ní ó wà níbi iṣẹ́."

Òótọ́ sì ni. Tíṣà ni Lok nígbà yẹn. Bí orúkọ rẹ̀ bá fi lè jáde, wọn yóò lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí náà, Goan fi àyè orúkọ ẹnì kejì sílẹ̀ lófìfo, ó sì lọ fẹ́ òfìfo. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó gbé kéèkì ìgbéyàwó dání, èyí ńlá roboto tí wọ́n ń fi ẹran sínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti jẹ kéèkì ẹ ti jẹ́rìí sí ìgbéyàwó ẹ, kò lè sọ pé òun ò gbọ́. Goan pín in fún gbogbo akọ̀wé. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lé e jáde. Ẹnu ọ̀nà ni oníròyìn kan ti ya fọ́tò tó di olókìkí yẹn: Goan, páálí kéèkì lọ́wọ́, àyà yọ síwájú bí ológun. Kóòtù tó há ló ń ti àyà rẹ̀ jáde, kì í ṣe ìgboyà.

"Ẹ gbààwẹ̀ níwájú ilé ìjọba náà," ni Ji-un wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ní màá fi gbà á. Wọ́n ń ta ọbẹ̀ ẹran màlúù ní òdìkejì títì. Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni mo ṣínu."

Ṣùgbọ́n Ji-un kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ka àwọn lẹ́tà tó wà nínú àpò ìrẹsì mẹ́rin ní yàrá òkè. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Goan fi gbé nọ́ńbà tẹlifóònù ilé rẹ̀ sáwọn ìwé ìròyìn, pé kí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá dẹ́rù bà pe òun. Lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó pè lẹ́ẹ̀kan tí kò lè sọ̀rọ̀. Wákàtí kan gbáko ni kò fi sọ nǹkan kan. Goan kò pa fóònù. Ó kàn ń ka ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn sí i létí, láti orí ìjì líle dé orí bí ẹja ṣe wọ́n. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ti gbé okùn kọ́ lọ́jọ́ yẹn, pé orí ọ̀rọ̀ ẹja lòun ti tú u. Ó ti ní ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀ báyìí. Nígbà tí Ji-un béèrè nípa èyí, Goan ní òun ò rántí, ó sì lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́ Túsìdé ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ji-un fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lẹ̀ sábẹ́ fọ́tò ránṣẹ́: "Ó lọ ní òun nìkan, láìbẹ̀rù." Lok kà á nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ó tún un kà. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Goan gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, "ìwọ" ni Lok ń pè é. Ọjọ́ tí Lok bá bọ́ sí "ẹ", kí Goan yáa wá ibi sá sí.

"Nínú ilé Màmá, ayálégbé ni mí. Mo gbà. Lára ògiri yín, mi ò tiẹ̀ sí rárá. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó lè lé mi níbi iṣẹ́ mọ́. Ọ́fíìsì ìwé ìdílé ń tì ní aago márùn-ún ọjọ́ Jímọ̀. Tí a ò bá tíì lọ títí dìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún yín ní Sátidé, mo ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Hualien, lọ́dọ̀ àbúrò mi."

"Lok, o mọ̀ pé Màmá—"

"Mo mọ Màmá jù yín lọ. Ẹ jẹun yín, ó ń tutù."

Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó fi í sábẹ́ ìgò iyọ̀, níbi tí Goan yóò ti máa rí i lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ni Jímọ̀ bá dé. Aago méjì ọ̀sán, ìyá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó ń pa ẹ̀pà sínú abọ́. Goan dé iwájú rẹ̀.

"Màmá."

"Hùn."

"Ṣé oòrùn ò pa yín?"

"Inú ilé ni mo wà."

Ó padà lọ sí ilé ìdáná. Ó mu omi. Ó tún wá. "Màmá, ṣé kí n tan fáànù?" Fáànù ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kàn dúró, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ìyá rẹ̀ bí ọmọdé tó ń wo ẹran nínú ọbẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà. Ọkùnrin yìí ló ti pariwo sí ààrẹ orílẹ̀-èdè lójúkojú. Ó ń bú ara rẹ̀ nínú: Sui-goan, ọ̀lẹ ni ẹ́, ojo ni ẹ́, ìwọ ni wọ́n sì fẹ́ gbé fọ́tò ẹ kọ́ ògiri lọ́la.

Aago mẹ́ta ni Ji-un wọlé, ó wá gba kóòtù àti páálí kéèkì àtijọ́ fún àfihàn. Bí Goan ṣe gbé kóòtù jáde, Ji-un rí àpótí Lok ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tòun ti ìkòkò òdòdó lórí rẹ̀.

"Ṣé Bàbá Lok ń rìnrìn àjò ni?" ló béèrè.

Ìyá gbójú sókè. "Ayálégbé ń lọ?"

Goan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé ìdílé."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀."

"Ìwọ àti ta?"

Ó na ìka sókè àtẹ̀gùn.

"Ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, "a kì í fi ìka sọ ọ́."

"Èmi àti Lok, Màmá. Ayálégbé."

Ìyá pa ẹ̀pà kan. Ó jẹ ẹ́. Ó pa òmíràn.

"Lọ́dún tí mo lọ sí tẹ́ńpìlì Pak-kang," ló wí, "o jí ìwé yìí nínú dúróà. O dá a padà, ṣùgbọ́n ńṣe lo da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣé o rò pé mo fọ́jú ni?"

"Ẹ mọ̀?"

"Ìyàwó ẹlẹ́ja mú ìwé ìròyìn wá hàn mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ọmọ mi. Mo rí ẹ, mo rí páálí kéèkì lọ́wọ́ ẹ. Mo ní kò burú, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á mú tèmi wálé. Mo se tíì. Mo gbé abọ́ tó dáa jáde. Mo jókòó síbí yìí. O wọlé, o ní ibi iṣẹ́ lo ti ń bọ̀."

Goan kò lè gbé orí sókè.

"Gbogbo akọ̀wé ìjọba ló jẹ kéèkì ọmọ mi. Àwọn tó lé e síta jẹ ẹ́. Èmi tí mo bí i kò jẹ. Bàbá ẹ tó wà lórí pẹpẹ yìí kò jẹ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, A-Goan. Inú bí mi. Mo rò ó pé bóyá torí mi ò kàwé ló ṣe ń tijú mi. Mo bá ra àgádágodo. Mo ní, lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ ìwé yìí, á wá bá mi, á béèrè. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ kọ́kọ́rọ́ yìí sọ́rùn tí mò ń retí kí o béèrè. Àpá rẹ̀ nìyí, wò ó."

"Ṣùgbọ́n Màmá, ayálégbé lẹ ń pè é."

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀? Orúkọ tí o fún mi ni mò ń pè é."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Goan sunkún, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà, imú rẹ̀ ń ṣàn sára kóòtù olókìkí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ji-un sì ń wò ó, kò mọ̀ bóyá kóun gba ẹrù ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kóun fún un ní aṣọ ìnujú. Lórí àtẹ̀gùn, Lok ti jókòó. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Òun náà ń fi ọwọ́ nu ojú.

"Ó ti tó," ni ìyá wí. "Kéèkì dà?"

"Màmá?"

"Kéèkì. Ẹni tí kò bá mú kéèkì wá kò ní í rí ìwé gbà."

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Lok ti bẹ́ sórí màṣíìnì rẹ̀ kí Goan tó dìde nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú la máa ń sọ fún oníkéèkì kó tó ṣe ńlá. Èyí tí Lok rí kò ju ọ̀kan tí etí rẹ̀ sán, tí wọ́n ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kò ṣeé tà. Ó gbé e dé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá gbé e sórí pẹpẹ, ó tan tùràrí, ó sọ fún àwọn baba ńlá pé A-Goan fẹ́ gbéyàwó, pé ó pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n má bínú.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. A kì í gba oúnjẹ kúrò níwájú òkú tí wọn ò bá tíì jẹun tán. Igi pupa méjì la fi ń béèrè. Bí ọ̀kan bá dojú délẹ̀ tí ìkejì ṣí ojú sókè, wọ́n ti yó. Ìyá ju igi náà. Méjèèjì dojú délẹ̀. Wọn ò tíì jẹ tán.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún jù ú. Wọ́n ṣì ń jẹ.

"Màmá, ọ́fíìsì á tì," ni Goan wí.

"Bàbá ẹ nìyẹn. Bó ṣe ń jẹun láyé nìyẹn, bí ẹni tó ń ṣa egungun ẹja."

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Goan jù ú fúnra rẹ̀, ó sì bẹ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí kò fi bẹ ìjọba rí. Igi méjèèjì ṣí ojú sókè. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín nìyẹn. Gbogbo ìdílé Khu látọjọ́ aláyé ti dáyé ń fi Bàbá Ìgbéyàwó rẹ́rìn-ín.

"Fún ayálégbé," ni ìyá wí. "Bóyá ẹni tó lọ ra á ni wọ́n ń dúró dè."

Lok gbà á. Ó jù ú sílẹ̀: ọ̀kan dojú délẹ̀, ọ̀kan ṣí ojú sókè. Aago mẹ́rin ààbọ̀.

Ìyá gé kéèkì, ó bu sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó gbẹ," ló wí, ó sì tún gé òmíràn.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, tó ṣí dúróà, tó mú ìwé ìdílé jáde, tòun ti òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ tó dì sínú aṣọ pélébé. Ó ní kí wọ́n gbé òun sínú àga onítáyà. "Ẹ fẹ́ ẹlẹ́rìí méjì, àbí? Èmi kan. Ọmọbìnrin yìí ìkejì. Gbé páálí kéèkì lé mi lẹ́sẹ̀."

Takisí gbé wọn dé ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìlá. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó yẹ ìwé wò, ó gbójú sí Goan.

"Ẹnì kejì ńkọ́, bàbá?"

Ẹ wò ó, ahọ́n kì í gbàgbé. "Ó wà níbi i—" ni Goan wí, Lok sì já a léèékánná.

"Èmi rè é," ni Lok wí. "Te Beng-lok. Ẹ kọ ọ́ kó hàn gbangba."

Ji-un fọwọ́ sí i. Ìyá tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí akọ̀wé fi ní, "Màmá, ó ti wọlé." Akọ̀wé ń wo páálí kéèkì láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ṣùgbọ́n ìyá kò ṣí i. Ó dìgbà tí wọ́n dá ìwé ìdílé padà, tí Lok ka orúkọ ara rẹ̀ sí i létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Goan, kó tó ní, "Ó dáa. Ará ilé ti jẹ. Ẹ wá jẹ."

Nígbà tí wọ́n délé, Goan na ọwọ́ láti gba ìwé náà tọ́jú. Ìyá kò fún un. Ó fi í sí dúróà, ó dojú rẹ̀ sókè bó ṣe yẹ, ó tì í.

"Ayálégbé, tẹrí ba."

Lok tẹrí ba. Ìyá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́rùn.

"Kí ló dé tí ẹ ò fún èmi?" ni Goan béèrè.

"Olè ni ẹ́. Tí o bá fẹ́ ìwé, wá bá ọkọ ẹ, kí o béèrè."

Ní Sátidé, èrò kún àfihàn náà fọ́fọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì Hualien ṣì wà lábẹ́ ìgò iyọ̀ nílé. Kóòtù wà nínú gíláàsì pẹ̀lú àpá ikun tí Ji-un kọ̀ láti nù. Ó ti lẹ ìwé mìíràn sábẹ́ fọ́tò: "Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Kóòtù tó wọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Te Beng-lok wà níbi iṣẹ́." Goan kà á fún ìyá rẹ̀, ó ní nǹkan kan ṣoṣo tó jóòótọ́ tí wọ́n kọ nípa òun nìyẹn láti ọjọ́ yìí.

Ji-un wá dúró tì wọ́n, ó ń wo àyà Lok. Ó ní àyè kékeré kan ṣì kù nínú gíláàsì, pé tí wọ́n bá lè fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Lok wo Goan. Goan wo ìyá rẹ̀.

"Rárá," ni ìyá wí. "A ṣì ń lò ó."